Ìràwọ̀ Kẹrin: Ọ̀rọ̀ Lórí Dídárò Ẹlẹgbẹ́ Ẹni

  Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí yóò kọ́kọ́ gbé wa jìnnà sí ilé, nítorí orí òṣùpá ni yóò gbé wa dé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fara balẹ̀ bá mi lọ, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ ilé náà ni.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá ọdún 1969, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà mẹ́ta wọ ọkọ̀ Apollo 12, wọ́n kọrí sí òṣùpá. Charles Conrad, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Pete, ni ọ̀gá wọn. Richard Gordon ni ó dúró ti ọkọ̀ tí ń yí òṣùpá po. Alan Bean ni ó bá Conrad sọ̀ kalẹ̀ sórí ilẹ̀ òṣùpá ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù náà. Ọmọ ogun ojú omi ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwọn arìnrìn-àjò wọ̀nyí, wọ́n ní àmì kan tí wọ́n fi sára aṣọ wọn: àwòrán ọkọ̀ ojú omi onígbòkùn tí ó ń kọjá níwájú òṣùpá. Orúkọ àwọn mẹ́ta ni ó wà létí àmì náà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ka ìràwọ̀ tí ó wà nínú àwòrán yìí, mẹ́rin ni ẹ óò bá. Ènìyàn mẹ́ta, ìràwọ̀ mẹ́rin. Ta ni ó ni ìkẹrin?

Clifton Williams ni ó ni ín. Òun ni ó kọ́kọ́ jẹ́ ẹnì kẹta pẹ̀lú Conrad àti Gordon. Wọ́n jọ ń gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́, wọ́n sì ń retí kí ó kàn wọ́n. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹwàá ọdún 1967, ọkọ̀ òfurufú T-38 tí ó ń dá wà já ní ìpínlẹ̀ Florida, nítorí pé ohun tí ó fi ń darí rẹ̀ há. Ẹni ọdún 35 ni. Conrad bá ní kí wọ́n fún òun ní Bean, tí ó ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ rí níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn awakọ̀ òfurufú tí ń dán ọkọ̀ tuntun wò. Títí di ìgbà náà, iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n fi Bean sí, èyí tí kò ní gbé e dé òṣùpá. Àga Williams ni ó jókòó sí, ilẹ̀ tí ì bá jẹ́ ti Williams láti tẹ̀ ni ó sì tẹ̀. Bean di ẹnì kẹrin nínú gbogbo ọmọ aráyé tí ó fẹsẹ̀ tẹ òṣùpá.

Àwọn àgbà ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Wọ́n tún ní ikú odò ní í pa òmùwẹ̀. A mọ òwe wọ̀nyí, a sì ń fi wọ́n tu ara wa nínú. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò ni ohun tí àwọn mẹ́ta tí ó kù ṣe. Wọn kò kọ orúkọ olóògbé sí àmì wọn. Ìràwọ̀ ni wọ́n fi kún un, láìkọ ohunkóhun sí i lábẹ́. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn náà yóò rò pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni.

Nílẹ̀ Yorùbá ayé àtijọ́, àrokò ni à bá pe irú nǹkan báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìwé lórí àrokò mọ̀ pé iye nǹkan pàápàá máa ń sọ̀rọ̀. Bí ẹnì kan bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọ, ẹ̀fà náà ń sọ pé ọkàn rẹ̀ fà sí ọ. Bí ó bá fi mẹ́jọ ránṣẹ́, ẹ̀jọ náà ń sọ pé ọ̀rọ̀ yín jọra. Àrokò kì í ṣe fún gbogbo ojú. Ẹni tí ó mọ̀ ni yóò kà á. Ìràwọ̀ mẹ́rin fún ènìyàn mẹ́ta ń sọ fún ẹni tí ó mọ̀ pé, "A kò pé."

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ Bean fi wọ̀ mí lára ju ti àwọn yòókù lọ. Àwọn àgbà wa ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú; bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Òwe ìtùnú ni, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n òwe náà kò bi ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ léèrè bí ó ti rí lára rẹ̀ láti máa hù ní ojú ibi tí ìyá rẹ̀ wó sí.

Ọdún kan náà ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì. Yàrá kan ni a jọ ń lò: tábìlì méjì, àga mẹ́ta, fèrèsé kan. Òun ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní fonẹ́tíìkì, èmi ń kọ́ wọn ní síńtáàsì. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti túká, a jọ ń ṣa ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ fún iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì, a sì fẹ́ fi wọ́n ṣe ìwé. Ní ọdún 2017, ìjàǹbá ọkọ̀ pa á lójú títì. Òkú ọ̀fọ̀ ni. Ìyá rẹ̀ wà láyé, àwọn ọmọ rẹ̀ kò tíì dàgbà.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n gbé iṣẹ́ fonẹ́tíìkì rẹ̀ fún mi. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣe é, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń dúró. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ẹ̀kà iṣẹ́ wa wá fi mọ̀ mí lẹ́yìn náà, láti inú iṣẹ́ tí èmi àti rẹ̀ jọ bẹ̀rẹ̀ ni ó ti wá. Ohun tí ó yẹ kí a pín sí méjì ni mo ń dá jẹ. Nígbà tí wọ́n sì fún mi ní ìgbéga, mo jókòó sí yàrá náà, mo wo tábìlì kejì, ayọ̀ náà kò dún lẹ́nu mi. Àwọn àgbà ní òkú ń sunkún òkú, akáṣọlérí ń sunkún ara wọn. N kò tíì mọ èyí tí mò ń sun lọ́jọ́ náà nínú méjèèjì.

Lẹ́yìn bí oṣù mélòó kan, ìyàwó rẹ̀ ránṣẹ́ pè mí. Ó gbé ìwé àjákọ mẹ́ta kalẹ̀ níwájú mi, àwọn tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ sí. Ó ní, "Ẹ gbà, Bàbá Ayọ̀. Ọ̀rẹ́ yín a máa sọ pé ẹ̀yin nìkan ni ẹ lè ka ọwọ́ òun." Òtítọ́ ni. Ọwọ́ rẹ̀ dà bí ipa ẹsẹ̀ adìẹ. Mo gbé àwọn ìwé náà relé, ó sì pẹ́ kí n tó ṣí wọn.

Nígbà tí mo ṣí wọn, ọ̀rọ̀ tí a ti jà lé lórí jù lọ ni mo kọ́kọ́ wá lọ: orúkọ tí a óò máa pe àwọn ènìyàn bí Conrad àti Bean. Èmi fẹ́ "arìnrìn-àjò òfurufú". Ọ̀rẹ́ mi ní ọ̀rọ̀ náà kéré, pé òfurufú ni ẹyẹ ń fò, òfurufú ni bàálù tí ń lọ sí Àbújá ń gbà. Ó ní ẹni tí ó bá dé òṣùpá ti kọjá ibẹ̀. "Arìnrìn-àjò ọ̀run" ni ó fẹ́. Èmi ní kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò gbọ́ ọ tí kò ní rò pé òkú ni à ń sọ.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ wo bí ọ̀rọ̀ yìí ti jinlẹ̀ tó. Ní èdè wa, ibi tí ìràwọ̀ wà àti ibi tí àwọn òkú ń lọ, orúkọ kan ni wọ́n ń jẹ́. A ní ojú ọ̀run mọ́; a ní lágbájá ti di ará ọ̀run. Sánmà wà, ṣùgbọ́n láti inú èdè Lárúbáwá ni ó ti wọlé. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń bo ikú lára náà kún fún ìrìn: ó papò dà, ó re ibi àgbà í rè, ó jáde láyé. Nígbà tí a bá ṣe ìdágbére fún òkú, a ní ó di àrìnnàkò, ó di ojú àlá. Bí arìnrìn-àjò ni a ti ń sọ̀rọ̀ ẹni tí ó kú. Báwo ni a ó ti wá sọ̀rọ̀ arìnrìn-àjò tí kò kú?

Àwọn kan sì wà tí ìtumọ̀ méjèèjì bá lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹfà ọdún 1971, àwọn ọmọ Soviet mẹ́ta, Georgi Dobrovolsky, Vladislav Volkov àti Viktor Patsayev, ń padà bọ̀ nínú ọkọ̀ Soyuz 11. Wọ́n ti lo ọjọ́ mẹ́tàlélógún lókè. Ihò kan tí kò yẹ kí ó ṣí ṣí, afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ tú jáde tán. Ọkọ̀ náà há fún ènìyàn mẹ́ta débi pé wọn kò lè wọ aṣọ tí ì bá dáàbò bò wọ́n. Ọkọ̀ balẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ó ti yẹ. Àwọn tí ó lọ pàdé wọn ṣílẹ̀kùn, wọ́n bá òkú mẹ́ta. Títí di òní, àwọn nìkan ni ènìyàn tí ó kú ní òde afẹ́fẹ́ ayé yìí. Nígbà tí wọ́n sin wọ́n ní Moscow, Thomas Stafford, arìnrìn-àjò ọmọ Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tí ó gbé wọn, bẹ́ẹ̀ Amẹ́ríkà àti Soviet ń bá ara wọn díje nígbà náà.

Kò ju oṣù kan lọ lẹ́yìn náà tí David Scott fi gúnlẹ̀ sórí òṣùpá pẹ̀lú Apollo 15. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1971, kí ó tó kúrò níbẹ̀, ó tẹ́ ère kékeré kan tí a fi alumíníọ̀mù ṣe sílẹ̀. Paul Van Hoeydonck, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Belgium, ni ó ṣe é. Kò ga tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́sàn-án. Ó gbé àwo irin pẹlẹbẹ kan tì í, orúkọ àwọn olóògbé mẹ́rìnlá wà lára rẹ̀: mẹ́jọ láti Amẹ́ríkà, mẹ́fà láti Soviet, láìsí pé a ya wọ́n sọ́tọ̀. Álífábẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi tò wọ́n. Bassett ọmọ Amẹ́ríkà ni ó ṣáájú, Belyayev ọmọ Soviet tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó gbẹ́yìn ni Clifton Williams. Scott kò sọ ohun tí ó ń ṣe fún àwọn tí ń gbọ́ ọ láyé lákòókò náà.

Ẹni tí ó bá mọ àṣà wa yóò rántí ère ìbejì. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, wọn a gbẹ́ ère fún un. Ìyá a máa wẹ̀ ẹ́, a máa wọṣọ fún un, bí ó bá sì ń fún èyí tí ó wà láyé lóúnjẹ, kì í gbàgbé ìkejì. Kò sí ìyá tí kò mọ̀ pé igi ni. Ó mọ̀ pé ọmọ tí ó kù jẹ́ ìdajì, kò sì fẹ́ kí a máa kà á bí odindi.

Orúkọ kò pé lára àwo irin náà o. Valentin Bondarenko, ọ̀dọ́mọkùnrin tí iná pa níbi ìgbaradì ní oṣù kẹta ọdún 1961, kò sí níbẹ̀, nítorí pé ìjọba Soviet fi ikú rẹ̀ pamọ́ títí di ọdún 1986. Robert Lawrence náà kò sí níbẹ̀. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí Amẹ́ríkà yàn fún irú iṣẹ́ yìí, lábẹ́ ètò àwọn ọmọ ogun òfurufú. Ìjàǹbá ọkọ̀ òfurufú pa á ní oṣù kejìlá ọdún 1967, oṣù méjì péré lẹ́yìn Williams. Ọdún 1997 ni wọ́n tó kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri ìrántí tí ó wà ní Florida. Ọgbọ̀n ọdún gbáko. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ nípa oríkì mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí: ẹni tí a kò bá pe orúkọ rẹ̀, ikú ti pa á lẹ́ẹ̀mejì.

Conrad kú ní ọdún 1999, Gordon ní 2017, Bean ní 2018. Ìràwọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti dọ́gba nísinsìnyí. Bean fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 1981, ó di ayàwòrán, òṣùpá ni ó sì ń yà títí ó fi kú. Nínú àwòrán rẹ̀ kan, ó fi Gordon, tí kò sọ̀ kalẹ̀ rárá, sórí ilẹ̀ òṣùpá pẹ̀lú òun àti Conrad. Ẹni tí ó bá jókòó sí àga olóògbé kì í yé ka ènìyàn.

Ní ti ìwé ọ̀rọ̀ wa, ó kù díẹ̀ kí ó parí. Mo ṣì dúró lórí èrò mi nípa òfurufú, bí mo ti wí fún ọ̀rẹ́ mi lójúkorojú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjèèjì ni yóò wà níbẹ̀, tirẹ̀ ni mo sì kọ ṣáájú. Orúkọ méjì ni yóò wà lẹ́yìn ìwé náà pẹ̀lú, tirẹ̀ ni yóò ṣáájú. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ṣé òkú ń kọ̀wé ni, n óò ní kí ó lọ ka ìràwọ̀.

Ọlọ́run má fi ọ̀fọ̀ ṣe wá. Ó di ìgbà kan ná. Ire o.