Ilé-Ẹ̀kọ́ Alámọ̀ ti Gando

Ní ọdún tí a tún ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ wa kọ́, àwa pẹ̀lú wà nínú àwọn tí ó pariwo pé kí a wó ilé amọ̀ àtijọ́ nì. A ní ó ń dójú tì wá lójú àwọn ìjọ yòókù. Búlọ́ọ̀kù ni a fi rọ́pò rẹ̀, a sì kan páànù lé e láìsí àjà. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa mọ ìyókù: bí oòrùn bá ti kan àtàrí, òógùn a máa kán sórí ìwé àwọn ọmọ, oorun a sì gbé wọn lọ.

Ìdí nìyí tí ìtàn Francis Kéré fi gún wa lọ́kàn. Ọmọ Gando ní Burkina Faso ni, a bí i ní ọdún 1965. Òun ni ọmọ àkọ́kọ́ ní abúlé náà tí a rán lọ sí ilé-ìwé, nínú yàrá tí ó ṣókùnkùn, tí ó sì gbóná. Iṣẹ́ káfíńtà ni ó gbé e dé ilẹ̀ Jámánì. Níbẹ̀ ni ó ti wá kọ́ iṣẹ́ ayàwòrán ilé.

Ní ọdún 2001, nígbà tí ó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó yà fún Gando parí. Amọ̀ ni ó fẹ́ lò, àwọn ará ilé kò sì kọ́kọ́ gbà, nítorí wọ́n mọ ohun tí òjò ń fi ògiri amọ̀ ṣe. (Bí ó bá jẹ́ àwa ni, ariwo wa ìbá ju tiwọn lọ.) Ó po sìmẹ́ńtì díẹ̀ mọ́ amọ̀ náà, ó sì fi ṣe bíríkì. Òun náà lo páànù, ṣùgbọ́n ó fi irin gbé e sókè kúrò lórí àjà, kí ooru lè rí ọ̀nà jáde, ó sì jẹ́ kí ó nà síta bo ògiri. Àwọn ọmọ ru òkúta ìpìlẹ̀, àwọn obìnrin pọn omi.

Ẹlòmíràn a kọ́kọ́ ní ọ́fíìsì, kí ó tó máa wá ohun tí a ó fi mọ̀ ọ́n. Ti Kéré kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 2005 ni ó dá ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Berlin, ilé-ẹ̀kọ́ Gando ti pé ọdún mẹ́rin. Ní ọdún 2022 ni ó gba ẹ̀bùn Pritzker, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gbà á.

Àwa béèrè iye búlọ́ọ̀kù lọ́wọ́ bíríkìlà wa. A kò sọ fún un ẹni tí yóò jókòó níbẹ̀ lọ́sàn-án, òun náà kò sì béèrè. Lóṣù tí ó kọjá, ọmọ kan bẹ̀ wá pé kí àwọn gbé àga lọ sábẹ́ igi ọ̀dán. A ní kí wọ́n gbé e.