Lẹ́nu Ìkòkò Aró

Aṣọ kì í jáde nínú aró ní dúdú. Ewéko tútù lẹ ó kọ́kọ́ rí. Afẹ́fẹ́ á wá fẹ́ sí i, á máa dúdú díẹ̀díẹ̀ níṣojú yín. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹnu iṣẹ́ àdìrẹ n'Íbàdàn, mo lè dúró máa wò ó títí ọbẹ̀ fi jóná.

Ní Abẹ́òkúta, páànù gígé ni ọ̀pọ̀ fi ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ tiwọn. Ìyẹ́ adìyẹ ni tiwa: ẹ ó tì í bọ ẹ̀kọ láfún, ẹ ó fi ya ara aṣọ, ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní mú un. Ẹ̀kọ tèmi máa ń tàn kálẹ̀ ni. Ni Sínìọ̀ wa bá sọ mí ní "Ọwọ́ Omi", títí àwọn oníbàárà fi ń pè mí bẹ́ẹ̀. Omi tí mo bá pọn, tiẹ̀ ló kọ́kọ́ kún. Bí mo bá fèsì, á di ẹ̀ṣẹ́, á gbá mi lórí. Mo ṣáà gbà pé ara iṣẹ́ ni. Ta ló kọ́ṣẹ́ tí wọn ò gbá lórí?

Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan ní ká ya Ìbàdàndùn fóun, èyí tó ní òpó Gbọ̀ngàn Màpó àti ṣíbí láàárín. Ìyá, ọ̀gá wa, ò sí nílé. Nígbà tá a yà á tán, Sínìọ̀ ní kí n rì í sínú aró. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀kọ náà, ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Kò tíì gbẹ. Mo rì í bẹ́ẹ̀. Nígbà tá a fọ̀ ọ́, òpó Màpó ti di èéfín.

Ìyá dé. Sínìọ̀ nàka sí èyí tó kéré jù nínú wa. Ọmọ náà wò mí. Ìkòkò lèmi ń wò.

Ìyá ò pariwo. Ó tẹ́ ẹní, ó ní kálukú sọ ohun tí ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe láti àárọ̀, kẹ́nikẹ́ni má dárúkọ ẹlòmíì, kí ẹnu má já lu ẹnu. Ọmọ kékeré ní òun kó eérú, òun gbálẹ̀. Ó kàn mí. Mo sọ ti àtàǹpàkò. Mo tún sọ pé mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń di ẹ̀bi náà ru ọmọ yìí, mo dákẹ́. Ìyẹn ló ṣòro fún mi jù.

Ó pẹ́ kí Sínìọ̀ tó là á. "Èmi ni mo ní kó rì í."

"Kí ló ń jẹ́?" Ìyá nàka sí mi.

"Ọwọ́ Omi."

"Mo ní kí ló ń jẹ́?"

Ó pe orúkọ mi. Oṣù kẹjọ tí mo débẹ̀ nìyẹn.

Àwa méjèèjì la dáwó ra aṣọ míì. Nígbà tó sì jẹ́ pé abala méjì ni wọ́n ń rán pọ̀ di ìró kan, Ìyá ní kí n ya ọ̀kan, kí Sínìọ̀ ya èkejì, lórí àga kan náà. Mi ò ní parọ́ pé a di ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n abala méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu, a ò sì lè yà á láìsọ̀rọ̀.

"Òpó tiyín ti sanra jù," mo wí.

Ó gbójú sókè. Mo ti ń fa orí sẹ́yìn. Ó wo òpó tèmi, ó wo tiẹ̀, ló bá na ìyẹ́ adìyẹ sí mi.

"Yà á kí n rí i."