Mọ́tò Kékeré Kò Wù Mí Mọ́

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè ọ̀rọ̀ kan. Bí oúnjẹ bá tó ènìyàn, a mọ ohun tí à ń ṣe: a ó ṣan ọwọ́, a ó ní ó tó. Bí aṣọ bá gbó, a ó fi nu ilẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ohun tí ènìyàn ti fi gbogbo ọkàn fẹ́ fún ọdún mẹ́rìnlá bá ṣàdédé sú u, kí ni kí olúwarẹ̀ ṣe? Bó bá jẹ́ ọtí ló fi sílẹ̀, àwọn ará ilé á dúpẹ́. Bó bá jẹ́ ìyàwó ló fẹ́ kọ̀, àwọn àna á pe ìpàdé. Mọ́tò ìṣeré ọmọdé ńkọ́? Ta ni ènìyàn fẹ́ rò ó fún tí kò ní fi í ṣe yẹ̀yẹ́?

Ẹ rọra rẹ́rìn-ín. Mo ti lé ní ogójì ọdún, mo níyàwó, mo bímọ, iṣẹ́ ìwé ìròyìn ni mo sì fi ń jẹun. Síbẹ̀, láti 2009 títí di 2023, mọ́tò kékeré tí ọmọdé fi ń ṣeré ni mo ń kó jọ. Kì í ṣe oníke tí wọ́n ń kiri nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ o. Onírin ni, tí púpọ̀ nínú wọn kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, tí orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é wà lábẹ́ ikùn rẹ̀: Matchbox, Dinky, Corgi, Hot Wheels. Nígbà tí mo kà wọ́n kẹ́yìn, igba ó lé mọ́kànlá ni wọ́n. Ìyàwó mi a máa wo àpótí onígíláàsì tí mo kó wọn sí, a ní, "Bàbá Bọ́lá, ẹ dúpẹ́ pé àwọn mọ́tò yín kì í mu epo."

Àwọn mọ́tò yìí ní ìtàn. Ní 1947, ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀rẹ́ méjì kan tó ń jẹ́ Leslie Smith àti Rodney Smith dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Orúkọ bàbá wọn bára mu, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ẹbí. Wọ́n gé orúkọ àwọn méjèèjì pọ̀, ó di Lesney. Jack Odell wá dara pọ̀ mọ́ wọn. Ọmọbìnrin Odell ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan tí wọn kì í ti í gba ọmọ láyè láti mú ohun ìṣeré wá, àfi èyí tó bá lè wọ inú páálí ìṣáná. Ni bàbá bá fi idẹ ṣe ọkọ̀ kékeré kan fún un, irú èyí tí wọ́n fi ń tẹ títì, ó sì gbé e sínú páálí ìṣáná. Àwọn ọmọ yòókù rí i, ojú gbogbo wọn wọ̀ ọ́. Ibẹ̀ ni orúkọ Matchbox ti wá. Ní 1953 tí wọ́n dé Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ládé, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin kékeré tí Lesney ṣe fún ọdún náà tà ju mílíọ̀nù kan lọ.

Àwọn tó dàgbà jù mí lọ lè rántí àkókò Kérésìmesì ní Kingsway, bí wọ́n ṣe ń to ohun ìṣeré jọ tí àwọn ọmọ olówó ń nàka sí èyí tí wọ́n bá fẹ́. Èmi kì í ṣe ọmọ olówó. Dírẹ́bà ni bàbá mi. Peugeot 504 ló ń wà, láti Ìbàdàn sí Èkó, láti Èkó sí Ìbàdàn, àfi ọjọ́ Àìkú nìkan. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń tò ní Kàdúná láti 1975 ni. Mọ́tò tí àwa ọmọ fi ń ṣeré, àwa la ń ṣe é fúnra wa. Agolo sàdíìnì ni ara rẹ̀, ìdérí ìgò ni táyà rẹ̀, wáyà la fi ń so táyà pọ̀, okùn la fi ń fà á. Bó bá já lónìí, a ó ṣe òmíràn lọ́la. Kò sí ẹni tó ń kó o pa mọ́.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ní ọjọ́ Sátidé kan ní 2009, mo lọ wá bàtà ní ọjà òkìrìkà. Ẹni tó ń ta bàtà náà, ìyá kan tó lẹ́nu dáadáa, tẹ́ tapólì sílẹ̀, ó da àwọn ohun ìṣeré tòkúnbọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bàtà. Mo rí Volkswagen kékeré kan níbẹ̀, èyí tí à ń pè ní ìjàpá, tí ọ̀dà rẹ̀ ti bó. Bí mo ṣe na ọwọ́ sí i ni ọwọ́ ẹlòmíràn náà dé ibẹ̀. Ọkùnrin kan tó fi bí ọdún méjìlá jù mí lọ ni. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín.

"Àbúrò, ìwọ lo kọ́kọ́ rí i, máa mú un. Ṣùgbọ́n yí i padà ná, kí o wo ikùn rẹ̀."

Mo yí i padà. Wọ́n kọ "Made in England" síbẹ̀. Ó ní ìyẹn ni pé ó ti pẹ́, nítorí pé Lesney wọ gbèsè ní 1982, àwọn tó rà á sì kó iṣẹ́ náà lọ sí Ìlà Oòrùn Éṣíà. Igba náírà ni mo san. Bí mo ṣe rí ẹ̀gbọ́n nìyẹn, bí mo sì ṣe kó sínú ọ̀rọ̀ mọ́tò kékeré nìyẹn.

Pẹ́ńtà ọkọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi yìí. Ọ̀dà ló fi ń jẹun, síbẹ̀ kì í gbà kí n kun mọ́tò kékeré kankan. A ní ọ̀dà àtijọ́ ni ọjọ́ orí rẹ̀, ẹni tó bá kùn ún ti fọ ẹ̀rí. Òun ló kọ́ mi pé ọdún 1979 ni wọ́n ti ilé iṣẹ́ Dinky pa ní Liverpool. Òun ló kọ́ mi pé àwọn Dinky kan tí wọ́n ṣe ṣáájú ogun Hitler máa ń sán fúnra wọn, tí wọn á wó bí àkàrà gbígbẹ, nítorí òjé tó dà pọ̀ mọ́ síńkì tí wọ́n fi rọ wọ́n. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Àkísà ẹ̀gbọ́n mi kì í tán.

Gbogbo Sátidé la jọ ń lọ. Aago méje a ti dé ọjà, kí àwọn aláròóbọ̀ tó dé. A ó tú ìdì títí ẹ̀yìn á fi máa ro wá. Nígbà mìíràn a kì í rí nǹkan kan, a ó kàn jókòó sídìí alákàrà, a ó jẹ àkàrà àti ẹ̀kọ, a ó sọ̀rọ̀ ọkọ̀ ńlá, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kékeré, ọ̀rọ̀ ìjọba, ọ̀rọ̀ ọmọ. Ìyá oníbàtà náà ti sọ mí ní Bàbá Mọ́tò. Bó bá ti rí mi lókèèrè ni yóò ké pé, "Bàbá Mọ́tò, ẹ tètè wá o, ọkọ̀ yín ti gúnlẹ̀!"

Ṣùgbọ́n mọ́tò kan wà tí mo ń wá ju gbogbo wọn lọ: Peugeot 504. Mo ti gbọ́ pé Dinky ti ilẹ̀ Faransé ṣe é, pé ó tóbi díẹ̀ ju Matchbox lọ. Bàbá mi ti kú nígbà náà, ọkọ̀ rẹ̀ sì ti di irin tí wọ́n ń tà ní ìwọ̀n. Mo kàn ń sọ fún ara mi pé ní Sátidé ọjọ́ kan, lábẹ́ ìdì kan, yóò wà níbẹ̀.

Ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Fóònù dé ọwọ́ gbogbo ayé. Ní Sátidé kan, mo mú Corgi kan tí kò ju ọgọ́rùn-ún márùn-ún náírà lọ tẹ́lẹ̀. Ìyá oníbàtà ya fọ́tò rẹ̀, ó tẹ fóònù rẹ̀ títí, ó ní, "Bàbá Mọ́tò, ẹ má bínú o. Ogún pọ́n-ùn ni wọ́n ń ta èyí nílùú òyìnbó." Kò jẹ̀bi. Ọmọ rẹ̀ ń bẹ ní ilé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ohun tí à ń ṣe ti di káràkátà. Ní 2019, ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dun ẹ̀gbọ́n mi, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó padà sí Abẹ́òkúta. Mo ń dá lọ sọ́jà. Àkàrà tí à ń jẹ kò yí padà, ṣùgbọ́n ènìyàn kì í dá ara rẹ̀ lápàárá.

Ní ìparí 2021, nígbà tí mo jókòó nílé tí kò sí iná, mo tẹ orúkọ Dinky àti Peugeot 504 sórí fóònù. Kí n tó mu omi inú ife mi tán, wọ́n ti tò síwájú mi, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Mo ránṣẹ́ sí àbúrò mi kan tó ń gbé ní Peckham, ó bá mi rà á ní pọ́n-ùn mẹ́tàdínlógójì, ó fi rán ẹni tó ń bọ̀ wá ṣe Kérésìmesì.

Ó dé. Mo ṣí i ní alẹ́. Ó wúwo dáadáa ní àtẹ́lẹwọ́. Ohun gbogbo pé. Mo gbé e sí etí imú: kò ní òórùn bẹntiróòlù, kò sí eèpo obì lábẹ́ ìjókòó rẹ̀. Mo gbé e sínú àpótí onígíláàsì, mo pa ilẹ̀kùn dé. Mo dúró kí inú mi dùn. Inú mi kò dùn, kò sì bàjẹ́. Mo lọ sùn.

Láti ọjọ́ náà, mi ò tún lọ sọ́jà mọ́. Eruku bo gíláàsì. Mo kọ́kọ́ rò pé àárẹ̀ ni, pé yóò kọjá. Oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́fà, kò kọjá. Ìyàwó mi tilẹ̀ bi mí ní òwúrọ̀ Sátidé kan pé, "Bàbá Bọ́lá, ṣé ara yín le? Ẹ ò lọ kí àwọn mọ́tò yín." Ẹ̀yin ará mi, ó dùn mí. Ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù mọ ohun tó ń wá. Tèmi ò sọnù. Gbogbo igba ó lé mọ́kànlá ló pé síbẹ̀, èmi ni mi ò sí níbẹ̀ mọ́.

Àwọn kan á ní owó ló ń fa irú èyí. Lóòótọ́, ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní Amẹ́ríkà, ọmọlangidi aláṣọ kan wà tó ń jẹ́ Beanie Babies, tó jáde ní 1993. Àwọn àgbàlagbà ń rà á bí ẹni ra ilẹ̀, pé yóò di owó ńlá lọ́la. Ní 1999, ní ilé ẹjọ́ kan ní Las Vegas, tọkọtaya kan tó ti kọ ara wọn lóṣòó sílẹ̀ níwájú adájọ́, wọ́n ń ṣa ọmọlangidi náà pín lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò pẹ́ sí i tí owó rẹ̀ fi já wálẹ̀. Tiwọn yé mi: owó lọ, ìfẹ́ tẹ̀ lé e. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Owó tèmi ń gòkè ni.

Nígbà tí mo rò ó títí, ère ìbejì ló là mí lójú. Ìyá tí ìbejì rẹ̀ kú a máa wẹ ère, a fi osùn pa á, a fún un lóúnjẹ, títí ojú ère á fi jẹ, tí á máa dán. Lónìí, ọ̀pọ̀ wọn wà ní mùsíọ́mù ilẹ̀ òkèèrè, ojú tó jẹ yẹn gan-an ni àwọn tó mọyì rẹ̀ sì máa ń wò, nítorí pé ó fi hàn pé ọwọ́ kan fẹ́ràn rẹ̀ rí. Ti mọ́tò ìṣeré yàtọ̀. Èyí tí ọmọ kankan kò fọwọ́ kàn rí, tó ṣì wà nínú páálí rẹ̀, òun ló lówó lórí jù. Ohun tí a ṣe fún ọwọ́, a ní kí ọwọ́ má kàn án. Ọwọ́ tiwa, ọwọ́ èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, ìdì ọjà ló ń tú, àkàrà ló ń bù. Wíwá ni ìfẹ́ náà ń gbé. Nígbà tí kò sí ohun tí à ń wá mọ́, tí kò sì sí ẹni tí a jọ ń wá a, ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ. Kò bá mi jà kó tó lọ.

Nítorí náà ni mo ṣe ṣe ohun tí mo ṣe ní 2023. Oníṣòwò kan l'Ékòó ra gbogbo èyí tó ní páálí. Nínú owó yẹn ni mo ti san owó ìdánwò àṣejáde Bọ́lá àti owó ilé ọdún náà. Mo fi Volkswagen àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n ní Abẹ́òkúta. Ó pè mí, ó ní, "Àbúrò, ṣé o ò kùn ún ṣá?" A rẹ́rìn-ín títí owó fóònù fi tán.

504 ńkọ́? Mo gbé e lọ fún ìyá mi ní Ìbàdàn. Màmá gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n wò ó níwá, wọ́n wò ó lẹ́yìn. Wọ́n ní, "Ti bàbá yín kò mọ́ tó báyìí rí o. Ọjọ́ wo ló ráyè fọ̀ ọ́?" Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí wọ́n ṣe máa ń mọ ohùn ọkọ̀ náà láti ìkóríta, tí wọ́n á ti gbé omi kaná. Mi ò gbọ́ ìyẹn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Orí tẹlifíṣọ̀n wọn ló wà báyìí.

Èyí tó kù, tí kò ní páálí, tí ọ̀dà rẹ̀ ti bó, lé ní ọgọ́rùn-ún. Mo dà wọ́n sílẹ̀ fún àwọn ọmọ àdúgbò. Kí n tó wọlé, wọ́n ti la títì sínú iyanrìn, wọ́n ti yan ọlọ́pàá, wọ́n ti ń gbowó ibodè. Matchbox kan forí gbá Corgi kan, táyà rẹ̀ fò lọ. Mo tẹ́tí sí ọkàn mi bóyá yóò dùn mí. Kò dùn mí rárá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kó nǹkan jọ, ìbáà ṣe sítáǹbù, ìbáà ṣe àwo orin, ìbáà ṣe bàtà, bí ọjọ́ yín bá dé tí kò wù yín mọ́, ẹ má jẹ́ kó tì yín lójú. Ẹ kàn bi ara yín pé ta ni nǹkan náà ṣì lè dùn mọ́. Ní tèmi, ọmọkùnrin kan ní àdúgbò wa ti wá kan ilẹ̀kùn mi. Ó ní ọkọ̀ òun ti bàjẹ́, ṣé mo ní ìdérí ìgò méjì tí òun lè fi ṣe táyà.