Omi Tí Ń Dán Lára Kùkúḿbà

Ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ewì àkọ́kọ́ tí mo kọ ní ọdún kìíní mi, omi tí màámi máa ń wọ́n sórí kùkúḿbà àti kárọ́ọ̀tì ní Mile 12 ni mo fi kọ ọ́. Mo pè é ní ìrì òwúrọ̀. Kì í ṣe ìrì o. Omi kànga ni, kànga tí gọ́tà ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ọ̀rẹ́ mi tó ń ka máíkíróbáyọ́lọ́jì ló là mí lójú. Ó ra kùkúḿbà méjì ní ìsọ̀ màámi: ọ̀kan látinú àpò tí wọn ò tíì tú, èkejì látorí àtẹ tí omi ti kàn. Ní láàbù, ó fi omi tó mọ́ ṣan ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kán omi náà sínú abọ́ pẹlẹbẹ tí oúnjẹ kòkòrò wà nínú rẹ̀, ó sì gbé e sínú ẹ̀rọ tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ bí ara èèyàn fún wákàtí 24. Abọ́ ti inú àpò ò fi bẹ́ẹ̀ ní nǹkan. Ti orí àtẹ kún fún nǹkan róbótó róbótó tó ń dán bí ẹ̀yìn eṣinṣin aláwọ̀ ewé. Ó ní E. coli ni. Inú ìfun èèyàn àti ẹran ló ń gbé. Tá a bá rí i lára oúnjẹ, ó ṣeé ṣe kí ìgbẹ́ ti kan omi ibẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kì í pani lára, àmọ́ ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé ni kọ́lẹ́rà ń gbà.

Mi ò rí oorun sùn. Kùkúḿbà yẹn ló ń san owó iléèwé mi. Mo rántí oṣù kẹfà ọdún 2024, tí kọ́lẹ́rà jà l'Ékòó, tí kò yọ Kosofe sílẹ̀. Àmọ́ ọ̀rẹ́ mi sọ ti Jámánì fún mi: lọ́dún 2011, E. coli pa èèyàn tó lé ní 50 níbẹ̀. Kùkúḿbà ilẹ̀ Sípéènì ni wọ́n kọ́kọ́ dá lẹ́bi, ọjà àwọn àgbẹ̀ sì kú. Ìwádìí ló padà fi hàn pé èéhù irúgbìn kan ló fà á. Tiwa náà, ẹjọ́ kùkúḿbà kọ́. Ẹjọ́ omi ni.

Mo sọ fún màámi. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

"Àbẹ̀kẹ́, bí mi ò bá bomi sí i, á rọ. Ta ló ń ra kùkúḿbà tó rọ?"

"Ẹ bomi sí i mà, kó ṣáà má jẹ́ omi yẹn."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo bá kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́ruwà méjì lábẹ́ àtẹ wọn. Inú mi dùn, síbẹ̀ mo bu díẹ̀ sínú ike fún ọ̀rẹ́ mi. A ń retí wákàtí 24.

Kó tó dìgbà náà, ẹ fi omi tó mọ́ fọ kùkúḿbà yín dáadáa kẹ́ ẹ tó gé e. Ìrì kọ́ ló wà lára rẹ̀.