Ìlà Kan tí Mo Fò

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo mọ̀ pé oríkì tàbí ìtumọ̀ ìwé ni ẹ ń retí lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́ èdè. Ẹ forí jì mí lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo gbé wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé kíkà ló kó mi sínú rẹ̀.

Nígbà ìsinmi gígùn ọdún 2023, mo lọ sí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà. Ọmọ ìyá kan náà ni wá, òun ló sì ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ mi. Iṣẹ́ òru ló ń ṣe, kò sì ní ìgbádùn mìíràn ju ọkọ̀ rẹ̀ lọ, Chevrolet Nova ti ọdún 1972, tí ó fi ń lọ sí ibi iṣẹ́ lójoojúmọ́, tí ó sì fi ń sáré ìje ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Eré tí mo wí yìí kì í ṣe eré ojú títì tí ọlọ́pàá ń lé o! Pápá ni wọ́n ti ń sá a. Ọkọ̀ méjì á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, iná aláwọ̀ ewé á tàn, wọn á sì já lọ tààrà fún ìdámẹ́rin máìlì, èyíinì ni ẹsẹ̀ bàtà 1,320. Láti ọdún 1951 tí Wally Parks ti dá ẹgbẹ́ NHRA sílẹ̀ ní California ni eré náà ti ní òfin tirẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ti tu owó jọ láti pààrọ̀ kámúṣáàfù ọkọ̀ náà. Ó gbé ìwé àwọn tí ń tà á lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Àbúrò, ìwọ ni ọ̀mọ̀wé. Kà á, kí o bá mi mú ọ̀kan."

Ọ̀pá irin ni kámúṣáàfù, ó ní àwọn ibi tó yọ bí ẹyin lára. Bí ó ti ń yí ni àwọn ẹyin náà ń ti fáàfù sílẹ̀, kí epo àti afẹ́fẹ́ lè wọlé, kí èéfín sì jáde. Bí fáàfù yóò ti pẹ́ tó ní ṣíṣí ni wọ́n ń fi dígírì wọ̀n. Fáàfù tó ń pẹ́ ní ṣíṣí a máa jẹ́ kí ẹ́ńjìnì rí èémí mí nígbà tó bá ń yí kíkankíkan. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá rọra ń yí, fáàfù ìwọlé àti ti ìjáde á jọ wà ní ṣíṣí ju bó ti yẹ lọ, èéfín á dà pọ̀ mọ́ epo tuntun, ẹ́ńjìnì á wá máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe.

Gbígbọ̀n yẹn gan-an ló tàn mí jẹ. Mo gbọ́ ìró oríṣiríṣi kámúṣáàfù lórí fóònù. Èyí tó wà nínú ọkọ̀ jẹ́ bíi dígírì 195. Ti 236 ń dún bí ìlù bàtá, ó ń fò, ó ń dúró, ó tún ń fò. Òun ni mo mú. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n fi lẹ́tà wínníwínní kọ ọ́ pé kí ẹnikẹ́ni má lò ó pẹ̀lú kọnfátà tí stall rẹ̀ kò tó 3,000. Mo rí ìlà náà. Mo rò pé ẹ̀tàn ọlọ́jà ni, pé wọ́n kàn fẹ́ kí a tún ra ẹrù mìíràn. N kò kà á sí ẹ̀gbọ́n mi létí. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ní kíláàsì, èmi ni mo máa ń bú òǹtumọ̀ tó bá fo gbólóhùn!

Kọnfátà ló wà láàárín ẹ́ńjìnì àti gíà ọ̀tọ́mátíìkì. Abẹ̀bẹ̀ kan ń gba ìyí lọ́wọ́ ẹ́ńjìnì, ó ń da òróró lu abẹ̀bẹ̀ kejì tó so mọ́ gíà, ẹ̀kẹta tó wà láàárín sì ń dá òróró náà padà lọ́nà tí agbára fi ń pọ̀ sí i. Hermann Föttinger, ará Jámánì, ló gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1905; ọkọ̀ ojú omi ló ń rò, kì í ṣe Nova ẹ̀gbọ́n mi. Bí ẹ bá fi ẹsẹ̀ kan di bíréèkì mú, tí ẹ fi èkejì tẹ iná dé ilẹ̀, ibi tí ìyí ẹ́ńjìnì bá ti kọ̀ láti gòkè mọ́ ni wọ́n ń pè ní stall. Tiwa jẹ́ bíi 1,800 ní ìṣẹ́jú kan. Kámúṣáàfù tí mo mú kì í sì í jí kó tó di nǹkan bí 2,800. Àwọn olùkọ́ wa á rántí àǹkóò fáwẹ́lì, bí "e" àti "ọ" kì í ti í jọ gbé inú ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ onísílébù méjì. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn irin méjèèjì yìí rí nínú ọkọ̀ kan ṣoṣo.

Ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ bàtà 60 àkọ́kọ́, tí ó ti ń gbà wá ní ìṣẹ́jú-àáyá 2.2 tẹ́lẹ̀, gbà wá ní 2.6. Ọkọ̀ tí ìyàwó ilé fi ń gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwé ló fi wá sílẹ̀. Ìyẹn ṣì jẹ́ ẹ̀rín. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, bọ́ọ̀sì ilé-ìwé dúró níwájú wa, àwọn ọmọdé ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ bíréèkì, ó le bí òkúta. Fífà tí ẹ́ńjìnì ń fa afẹ́fẹ́ ló máa ń ran bíréèkì ọkọ̀ náà lọ́wọ́, kámúṣáàfù ńlá sì ti sọ fífà náà di yẹpẹrẹ. Ẹ̀gbọ́n mi fi gbogbo ara tì í, ó yà sínú koríko, ọkọ̀ sì dúró. Ọmọbìnrin kékeré kan ń wò wá. Kò sá, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó yẹ kí òun sá.

Bàbá arúgbó kan tó ń tún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní kí a mú ìwé wá. Ó fi ìka tó kún fún òróró lé ìlà yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi.

"Ṣé o rí èyí lọ́jọ́ náà?"

"Mo rí i. Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi."

Kò bú mi. Ìbá sàn kó bú mi.

Mo ní kí a kúkú ra kọnfátà 3,200. Bàbá mi orí. Ó ní ní máìlì 60 ní wákàtí kan, ẹ́ńjìnì yìí kò yí ju bíi 2,400 lọ. Òróró á kàn máa yọ̀ nínú kọnfátà náà ni, á máa gbóná, epo á sì máa lọ. Ó tún ní iye stall tí a kọ sára páálí kì í ṣe ti kọnfátà nìkan, nítorí ẹ́ńjìnì tó bá lágbára jù á tì í kọjá ibẹ̀. Ó wá bi ẹ̀gbọ́n mi pé, "Ọjọ́ mélòó lo fi ń sáré lọ́sẹ̀, ọjọ́ mélòó lo fi ń lọ síbi iṣẹ́?" Kámúṣáàfù dígírì 218 ló mú fún wa, pẹ̀lú kọnfátà 2,400 àti rédíétọ̀ kékeré fún òróró gíà. Ẹ̀gbọ́n mi fi òru mẹ́jọ kún iṣẹ́ rẹ̀ nítorí owó náà. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 60 di 2.0, gbogbo ìje náà sì kúrò ní 15.1 tó wà kí n tó dé, ó di 14.3. Bíréèkì padà sípò. Ìró bàtà lọ. Bí ènìyàn kò bá tẹ́tí, kò lè gbọ́ nǹkan kan.

Ọjọ́ tí a de irin tuntun náà, ẹ̀gbọ́n mi wà lábẹ́ ọkọ̀, èmi di iná mú, mo ń ka ìwé sókè.

"Ó tán?"

"Ó ku ìlà kan, ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní bí ẹ bá ti tan án, ẹ má jẹ́ kí ó rọra yí. Kí ó wà ní 2,000 sókè fún ogún ìṣẹ́jú."

Ó tan án. Ariwo gba àdúgbò, ará ilé kejì ṣí fèrèsé, ó tún tì í. Mo wo aago mi títí ó fi pé ogún ìṣẹ́jú.