Ta Ni Yóò Gbin Igi Ní Tchaourou?

Ẹni tó bá gba títì Kútọnù gòkè lọ sí Parakou yóò kọjá Ṣábẹ̀, yóò kọjá Tòwí àti Kílíbò, kí ó tó wọ Tchaourou, níbi tí àwọn ará wa tí ń sọ èdè Ṣábẹ̀ ti ń bá àwọn Bàrìbá àti Fúlàní gbé. Ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti ń rin ọ̀nà náà. Ohun tí ojú kọ́kọ́ ń rí níbẹ̀ ni àpò èédú tí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ títì, tí mọ́tò yóò kó lọ sí Parakou àti Kútọnù. Àwa náà ń fi èédú se ọbẹ̀ nílé, nítorí náà a kò lè bínú sí ìyá tó jókòó tì í.

Ilẹ̀ Tchaourou kì í ṣe ọ̀dàn lásán. Igbó ìjọba ńlá méjì, Wari-Maro àti Ouémé Supérieur, wọ inú rẹ̀. Láyé ìjọba Faransé ni wọ́n ti pa ààlà sí wọn. Igi apá wà níbẹ̀, ọ̀gànwó wà níbẹ̀, àyín tí àwọn àgbà fi ń run orín náà wà níbẹ̀. Ẹ lọ wò ó lónìí ní ọ̀nà Bétérou, kí ẹ ka iye igi ńlá tí ẹ óò rí. Àjọ FAO kọ ọ́ ní 2010 pé ilẹ̀ Benin ń pàdánù igbó tó tó 50,000 hẹ́kítà lọ́dọọdún.

Gbogbo ènìyàn ló ń dá èédú lẹ́bi. Ṣùgbọ́n kí èédú tó dé ni iṣu ti dé. Iṣu fẹ́ ilẹ̀ tuntun. Àgbẹ̀ yóò kó koríko gbígbẹ sí ìdí igi ńlá, yóò fi iná sí i, igi náà yóò kú lóòró, iṣu yóò sì gùn ún bí ọ̀pá. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ilẹ̀ ti rẹ̀, àgbẹ̀ á tún ṣí síwájú. Ẹni tó ń sun èédú, òkú igi ló sábà máa ń bá níbẹ̀. Àwọn oníṣòwò pákó náà gbé tiwọn: igi tí Faransé ń pè ní vène ni wọ́n gé lọ sí ilẹ̀ Ṣáínà, títí òfin òwò àgbáyé fi dé e ní ọdún 2017.

Kì í ṣe pé a kò gbin igi. Láti 1985 ni Benin ti ya ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà sọ́tọ̀ fún igi gbígbìn. Ní 2013, nígbà tí Boni Yayi, ọmọ Tchaourou, wà lórí àléfà, ìjọba kéde pé kí ẹ̀mí mílíọ̀nù mẹ́wàá gbin igi mílíọ̀nù mẹ́wàá. Ó dára. Ṣùgbọ́n gbígbìn kò ju iṣẹ́ òwúrọ̀ kan lọ. Nígbà ọyẹ́ ni iná igbó ń jó, tí màlúù sì ń wá ewé tútù kiri, ta ni yóò dúró ti ọmọ igi náà?

Igi tí wọ́n ń tọ́jú dáadáa ni tíkì àti kajú. Ó yé wa. Kajú ń so láàárín ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, owó rẹ̀ ló ń rán ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ẹ̀mí, tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, ń pẹ́ tó ọdún 15 sí 20 kó tó so. Apá àti ìrókò kò tilẹ̀ ṣeé kà.

Síbẹ̀, ohun tó dùn wá jù lọ ni èyí. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń dá oko ibẹ̀ jẹ́ àlejò láti Atacora. Onílẹ̀ fún wọn láyè láti gbin iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n igi di èèwọ̀ fún wọn, nítorí ẹni tó bá gbin igi ti fẹ́ di onílẹ̀. A kò sọ pé onílẹ̀ ṣìkà. Ó ń rántí àwọn ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: a gba àlejò láyè kó fi iná pa igi, a kò gbà á láyè kó gbìn ín. Ìyàwó ilé náà kò yàtọ̀ sí àlejò: òun ló ń ṣa ẹ̀mí, ilẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀.

Òfin ilẹ̀ ti 2013 fi àyè sílẹ̀ fún ìgbìmọ̀ ilẹ̀ ní abúlé. A rò pé níwájú irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ni onílẹ̀ àti àlejò ti lè fọwọ́ sí ìwé pé ilẹ̀ jẹ́ ti ẹni yìí, igi jẹ́ ti ẹni yẹn. Ìyẹn yóò sàn ju ọ̀pọ̀ ọmọ igi tí wọ́n pín lọ́fẹ̀ẹ́.

A bi bàbá onílẹ̀ kan léèrè bóyá yóò gbà bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kajú kọ́, tíkì kọ́. Ṣùgbọ́n bí àlejò òun bá fẹ́ gbin apá tàbí ìrókò, òun kò ní bá a jà, nítorí igi náà kò ní í tó tà lójú ayé àwọn méjèèjì.