Kíláàsì Kẹta

Níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́, nọ́ńbà la fi ń dáhùn. Papanicolaou, ọmọ Gíríìsì tó ṣiṣẹ́ ní New York, ló to sẹ́ẹ̀lì ẹnu ilé ọmọ sí kíláàsì márùn-ún: ìkíní, kò séwu, ìkarùn-ún, jẹjẹrẹ ni. Ìkẹta la máa ń kọ bí ojú wa kò bá dá a. Ọ̀gá mi ní àpò ọ̀lẹ ni.

Gíláàsì tó ń ti Pobè, ìlú mi, gba Sakété bọ̀ ló máa ń yọ wá lẹ́nu jù. Bí wọ́n bá ti fa sẹ́ẹ̀lì sórí rẹ̀, kíá ló yẹ kó wọ inú ọtí líle. Bí atẹ́gùn bá kọ́kọ́ fẹ́ ẹ gbẹ, sẹ́ẹ̀lì á wú, kókó inú rẹ̀ á fẹ̀, aró á wá rí bàìbàì lára rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n rẹ sínú ẹ̀lú tó ti kú. Bẹ́ẹ̀, kókó tó fẹ̀ gan-an la ń ṣọ́ nínú jẹjẹrẹ.

Lọ́jọ́ kan, mo rí sẹ́ẹ̀lì mẹ́fà létí gíláàsì obìnrin kan. Aránṣọ ni wọ́n kọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Kókó wọn tó ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn tó yí wọn ká, ṣùgbọ́n etí wọn dán, kò rí págunpàgun. Mo pe àbúrò kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, n kò sọ ohun tí mo rí. Ó wò ó títí.

“Ẹ̀gbọ́n, ó gbẹ ni.” Ó dìde, ó tún jókòó. “Àbí?”

Mo kọ ìkẹta, mo ní kí wọ́n tún un mú.

N kò mọ̀ pé ẹni tó máa ka ìwé náà fún un yóò pe kíláàsì ní ìpele. Jẹjẹrẹ ìpele kẹta ni wọ́n gbọ́ nílé.

Bẹ́ẹ̀ ìpàdé Bethesda, ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1988, ti ní ká pa nọ́ńbà tì, ká sọ ohun tí ojú rí, kí iyèméjì ní orúkọ tirẹ̀. Ọ̀dọ̀ wa kò tètè gbọ́. Lónìí, mo ń kọ ọ́ yanjú: sẹ́ẹ̀lì mélòó, níbo, ó gbẹ tàbí kò gbẹ. Ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àyẹ̀wò fáírọ́ọ̀sì HPV, tó ń fa jẹjẹrẹ yìí, máa ṣáájú. Mo fara mọ́ ọn, bó tilẹ̀ ń gba oúnjẹ lẹ́nu mi.

Oṣù mẹ́rin kọjá kí gíláàsì kejì aránṣọ náà tó dé. Inú ọtí ló wà. Kókó sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kéré, aró mú un dáadáa. Ó ti ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.